Jákàńdè àti Àwọn Ilé Òkè-Àfà

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Òkè-Àfà, lẹ́bàá Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ilé náà gan-an ni a sọ ní orúkọ ènìyàn. Títí di òní, bí àlejò bá béèrè ọ̀nà ibẹ̀, orúkọ Jákàńdè ni yóò gbọ́. Ó yẹ, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a mọ ẹni tí ó jẹ́ orúkọ náà.

A bí Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Èkó, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1929. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1949; lẹ́yìn náà ó di olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Tribune, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀. Ní 1963 a dá òun àti Awólọ́wọ̀ lẹ́bi ìdìtẹ̀ sí ìjọba, a sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Ní 1966 ni wọ́n gba òmìnira.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ní àkókò náà, àwọn ọmọ kò rí àyè tó ní ilé-ìwé: àwọn kan a máa lọ ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀sán. Jákàńdè fi òpin sí èyí. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Àwọn ẹlẹ́gàn pe àwọn yàrá náà ní ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà rí ibi jókòó sí. Ní 1983 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìtara rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mú ìjà wá. Ní 1980 ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni dópin. Àwọn Kátólíìkì, tí Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ṣíwájú wọn, gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fi hàn pé òfin ilẹ̀ wa fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe ìjọba láǹfààní láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé ni ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ibi tí àwọn mìíràn ti ń kàwé. Ète rere nìkan kò tó. Òfin ni ó ń pààlà fún un.

Ní ti ilé, ó kọ́ wọn sí Òkè-Àfà, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, Ìbà àti ibòmíràn, kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ní ti ara rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ kò kó lọ sí ilé ìjọba; ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin fún Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, wọ́n sì fagi lé ètò náà ní 1985. Ọdún 2023 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Èkó.

Láti 1993 dé 1995 ó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àti ilé gbígbé lábẹ́ Ọ̀gágun Abacha. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó kúrò níbẹ̀. Kò gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bínú sí i. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021.

Báwo ni a ó ṣe wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé kí a fi iṣẹ́ rere rẹ̀ bo àṣìṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi àṣìṣe rẹ̀ pa iṣẹ́ rere rẹ̀ rẹ́. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré ni ó fi ṣe gómìnà. Ẹni tí ó bá ro pé àkókò òun kúrú jù láti ṣe rere, kí ó lọ wo Òkè-Àfà.