Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: ÌTÀN ẸRÙ, ODÒ ÀTI ỌKỌ̀ NÍ ILẸ̀ ỌKUN

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni: bí ẹrù ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in dé ọwọ́ ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti gbé e. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ti wa iṣu rẹ̀ tán, tí ó sì jókòó tì í ní etí ọ̀nà tí kò rí ọkọ̀, mọ̀ pé kì í ṣe oko nìkan ni a ti ń pa owó. Iṣu tí kò rí ẹni gbé e ní Yàgbà yóò jẹrà. Iṣu kan náà, bí ó bá dé Èkó, owó gọbọi ni. Ohun tí ó wà láàárín iye méjèèjì ni ọ̀nà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó dára kí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo di iṣẹ́ kíkó ẹrù àti èrò mú, tàbí kí a ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá lè ṣe é? Àwọn baba wa ti dáhùn tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo gbà pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìtàn yóò fi hàn wá pé ọ̀nà tí ó pọ̀ tí kò sí ẹni tí ń ro wọ́n, igbó ni wọn yóò dà.

ẸSẸ̀ ÀTI ORÍ

Ní ayé àtijọ́, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù ní ilẹ̀ Ọkun, ìbáà ṣe ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Owé, ní Bùnú, tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹṣin kò pẹ́ láyé ní ilẹ̀ tí igbó wà, nítorí eṣinṣin tí ń fi àrùn pa ẹran ọ̀sìn. Nítorí náà ohun tí orí bá lè rù, tí ẹsẹ̀ bá sì lè gbé lọ, òun nìkan ni òwò. Aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun lè lọ jìnnà, nítorí ó fúyẹ́ ó sì níye lórí. Iṣu kò lè lọ jìnnà, nítorí bí a bá rù ú fún ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ alárùú yóò ti ju èrè rẹ̀ lọ.

Owó pàápàá ní ìnira tirẹ̀. Owó ẹyọ ni a ń ná, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù tí ó tó ọkùnrin kan rù. Bí obìnrin kan bá ta ọjà ọ̀kẹ́ méjì, àfi kí ó wá alárùú méjì tí yóò ru owó náà délé, kí ó sì fún wọn nínú owó tí wọ́n rù.

Ó dùn mí láti sọ èyí tí ó kù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi í pa mọ́. Nínú gbogbo ọjà ìgbà náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí a óò ti tà á, tí ó sì tún lè ru ẹrù mìíràn lọ: ènìyàn ni. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú púpọ̀púpọ̀, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gun orí òkè lọ máa gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ń fẹ́, ilẹ̀ Ọkun lè dá a lóhùn: kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ọ̀dà, àlàáfíà ni. Ọ̀nà tí a kò lè rìn láìbẹ̀rù, bí a tilẹ̀ tẹ́ ẹ bí ẹní, ó ti dí.

ODÒ TÍ A SỌ PÉ Ó ṢÍ SÍLẸ̀

Kò jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Lọ́kọ́jà, ni Odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ní 1832 ni Macgregor Laird kọ́kọ́ mú ọkọ̀ oníná wọ Odò Ọya. Ní 1841 àwọn ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn gòkè wá, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú wọn. Ibà pa ju 40 lọ nínú àwọn Òyìnbó tí ó bá wọn wá. Ṣùgbọ́n ní 1854, nígbà tí Dókítà Baikie mú kí àwọn ará ọkọ̀ rẹ̀ máa lo kuiníìnì, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó kú. Láti ọjọ́ náà ni odò ti di ọ̀nà òwò ní tòótọ́. Ní 1857 Crowther dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn gòkè, tí a ń pè ní Dayspring, sì fọ́ mọ́ òkúta lẹ́bàá Jẹ́bà ní ọdún kan náà.

Nísinsìnyí ẹ fi etí sílẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi wà. Ní oṣù kejì 1885, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Berlin. Ìwé náà wí pé ọkọ̀ orílẹ̀-èdè gbogbo ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ lórí Odò Ọya láìsí ìdènà. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 1886, Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó fún ilé-iṣẹ́ George Goldie ní ìwé àṣẹ láti ṣe àkóso etí odò náà, a sì wá ń pè é ní Royal Niger Company. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń ra epo ni ó ń gba owó bodè. Ẹni tí ó ń gba owó bodè ni ó ń ṣe adájọ́. Adájọ́ náà ni ó sì ní ọmọ ogun. Odò ṣí sílẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sanwó ìwé àṣẹ fún Kọ́ńpánì kò lè fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣòwò níbẹ̀. Ṣé oníṣòwò tí ó di oníbodè lè jẹ́ kí oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá?

Àwọn ará Nembe ní ẹsẹ̀ odò, tí a tún ń pè ní Brass, ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ jù. Ilẹ̀ wọn jẹ́ àbàtà. Òwò epo lókè odò ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ. Nígbà tí Kọ́ńpánì dí ọ̀nà mọ́ wọn, ebi wọ ilé wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 1895, Ọba Koko kó àwọn ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ sínú ọkọ̀ ogun, wọ́n sì kọlu ibùdó Kọ́ńpánì ní Akassa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣègbé níbẹ̀, wọ́n sì hùwà tí ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ hù. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ti Ìlú Òyìnbó gbẹ̀san, wọ́n sun Nembe. Lẹ́yìn èyí ni a rán Sir John Kirk wá láti wádìí ọ̀ràn náà. Ní ìparí 1899 a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Kọ́ńpánì, a sì fún un ní £865,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ìjọba ta àsíá rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà.

Kí a má ṣe gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Kọ́ńpánì yìí kan náà ni ó dé Kàbà, tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Tápà, kí wọn tó lọ ṣẹ́gun Bídà. Ọwọ́ tí ó dí odò mọ́ àwọn ará Nembe ni ó ṣí ọ̀nà fún wa. Nítorí náà kò yẹ kí a fi orin ìyìn tàbí èébú ka ìtàn. Ó yẹ kí a fi òye kà á.

OJÚ IRIN

Ní 1896 a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn, a sì ṣí i ní 1901. Ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ní ìhà àríwá, ìjọba kejì kò fẹ́ kí ẹrù òun máa gba Èkó kọjá. Láti 1907 dé 1911 ó la ojú irin tirẹ̀ láti Bárò, létí Odò Ọya, dé Kánò, kí ọkọ̀ odò lè máa kó ẹrù láti Bárò sọ̀kalẹ̀ sí òkun. Báyìí ni ọ̀nà méjì ṣe ń du ẹrù kan náà. Ní 1912 a so wọ́n pọ̀ sábẹ́ àkóso kan, afárá Jẹ́bà sì parí ní 1916. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí ó ti Kánò wá lè lọ tààrà sí Èkó, kò sì ní láti dúró de odò tí ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògo Bárò sì wọmi.

Ojú irin méjèèjì kò kan ilẹ̀ Ọkun. Ọ̀kan gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá ní ìwọ̀-oòrùn wa, èkejì wà ní òdìkejì odò. Nígbà tí Tommy Titcombe mú ìhìnrere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, orí àti ẹsẹ̀ ṣì ni ọkọ̀ wa. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá ni ojú irin ni ó ń yan ìlú tí yóò là àti ìlú tí yóò rù.

BỌ́LẸ̀KÁJÀ

Mọ́tò ni ó tú wa sílẹ̀. Láti 1906 ni ìjọba ti ń fi mọ́tò kó ẹrù láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni lọ́rì di ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní owó díẹ̀ ra ọkọ̀, ó fi pákó ṣe ilé lé e, ó sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní “bọ́ sílẹ̀ kí a jà”, nítorí bí èrò ti ń fún ara wọn. Síbẹ̀ bọ́lẹ̀kájà ń dé ibi tí rélùwéè kò lè dé. Ó ń dúró ní etí oko. A lè ná iye owó rẹ̀. Bí awakọ̀ kan bá yájú, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èyí kò dùn mọ́ ìjọba nínú, nítorí ìjọba ni ó ni rélùwéè, ẹrù sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 a gbé owó ìwé àṣẹ lé àwọn lọ́rì lórí, pàápàá níbi tí ọ̀nà mọ́tò bá ń bá ojú irin rìn. Ní 1937 àwọn onímọ́tò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wò ó bí ìtàn ti ń yí padà: ìjọba tí ó gba àṣẹ bodè lọ́wọ́ Kọ́ńpánì wá di oníbodè tí ń ṣòwò fúnra rẹ̀.

Ní 1955 a dá Nigerian Railway Corporation sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fi ojú irin sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Kí ni ó ti ìdí rẹ̀ jáde? Ojú irin gbó, ọkọ̀ dín kù, ẹrù gbogbo sì wọ́ sí ojú títì. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ti ìjọba, Nigeria Airways, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, kógbá sílé ní 2003.

ÌLẸ̀KÙN TÍ A Ń ṢÍ

Ní 2006 ìjọba gbé iṣẹ́ inú àwọn èbúté fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, òun sì di onílẹ̀ àti alámòójútó. Iṣẹ́ inú èbúté yára sí i. Ṣùgbọ́n ní ìta ẹnubodè Àpápá, ọkọ̀ akẹ́rù tò títí lọ, àwọn awakọ̀ sì ń sùn lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ló dé? A ṣí ìlẹ̀kùn kan, a sì fi méjì yòókù sílẹ̀ ní títì: ojú irin àti odò. Bákan náà, a ṣí èbúté Bárò ní oṣù kìíní 2019, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ó dára tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà dé ibẹ̀. Ojú irin láti Ìtakpè, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, dé Warri, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kò ṣí ní gbangba títí di oṣù kẹsàn-án 2020. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ọmọ tí a bí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti di baba ọmọ.

Ní oṣù kẹta 2023 a tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ojú irin kì í sì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè ṣe òfin lórí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ńlá nìyí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ka ìwé Berlin mọ̀ pé ohun tí a kọ sínú ìwé kò tíì dé ojú ọ̀nà.

Nítorí náà mo fi ìmọ̀ràn mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní, ẹni tí ń ṣòwò lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ jẹ́ oníbodè rẹ̀. Kí ìjọba ṣe alámòójútó tí kò ṣègbè, kí ó sì fi òwò sílẹ̀ fún olówò. Èkejì, kí a ṣí odò, irin àti títì papọ̀, kí ẹrù wúwo kúrò lórí títì tí ó ń fọ́, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́ sì máa san owó àtúnṣe rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ṣọ́ ọ̀nà, kí arìnrìn-àjò lè sùn kí ó sì jí. Nítorí láìsí èyí, méjì àkọ́kọ́ asán ni.

Ẹ̀yin ará Odò-Ẹrẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni èyí. Òmìnira òwò ń ṣe alágbára lóore ju ẹni tí ó dá dúró lọ. Àgbẹ̀ kan tí ó ní ọgọ́rùn-ún iṣu kò lè bá ọlọ́kọ̀ ná ọjà. Ṣùgbọ́n ogún àgbẹ̀ tí ó kó iṣu wọn jọ sí ojú kan lè pe ọkọ̀ kan, kí wọ́n sì sọ iye tí wọn yóò san. Àwọn baba wa ru owó ẹyọ lórí. Àwa ń ru àìfohùnṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí nínú gbogbo ẹrù, òun nìkan ni kò ní ọjà tí a lè tà á sí.