Ìtàn Fífò Nínú Géèmù, Láti Donkey Kong Títí Dé Orí Fóònù

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀wé nípa géèmù tí wọ́n ti ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sí òmíràn kò bára mu. Mo kó o jọ síbí kó lè lójútùú. Bí ẹni inú géèmù ṣe ń fò, àti bí eré náà ṣe ń yára tó, ló ń mú kó dùn tàbí kó sú èèyàn. Ẹwà àwòrán kọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1980 ni Space Panic jáde. Àkàbà àti pèpéle wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fò níbẹ̀. Lọ́dún 1981, Nintendo gbé Donkey Kong jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Shigeru Miyamoto. Jumpman, tó di Mario nígbẹ̀yìn, ń fo àgbá tó ń yí bọ̀. Àwọn kan ní Space Panic ni àkọ́bí nítorí pèpéle rẹ̀. Àwọn kan ní Donkey Kong ni nítorí fífò. Àwọn kejì ló jàre: bá a bá yọ fífò kúrò, kí ló kù ju àkàbà gígùn lọ? Síbẹ̀, bí òkò tí wọ́n jù ni Jumpman: tó bá ti kúrò nílẹ̀, kò ṣeé darí mọ́. Pitfall! ti David Crane tẹ̀ lé e lọ́dún 1982, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 20 péré láti fi kó ìṣúra.

Ọdún 1985

Super Mario Bros. ló yí ọ̀rọ̀ padà. Fọwọ́ ba bọ́tìnì A, Mario á fò díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ròkè lálá. Di B mú, á sáré, á sì fò jìnnà. Kódà tó bá wà lókè, o ṣì lè fà á sẹ́yìn. Tó bá wá já sí ihò, o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló ṣẹ̀, wàá sì fẹ́ tún un gbìyànjú. Castlevania (1986) kò gba irú ìyẹn láyè: ibi tí Simon, ẹni inú rẹ̀, bá forí lé ló máa bọ́ sí. Ní ti Adventure Island (1986), agbára ń tán lọ, àfi kó o máa sáré wá èso jẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa

Ayédèrú ẹ̀rọ géèmù tí à ń pè ní Terminator, tó ń gba Ọjà Alábà l'Ọ̀jọ́ kọjá, ni ọ̀pọ̀ ilé n'Íbà àti Òkòkòmáíkò mọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Kásẹ́ẹ̀tì kan lè kó Mario, Contra àti Circus Charlie pọ̀. Charlie ń gun kìnnìún bọ̀, òrùka iná lókè, ìkòkò iná nílẹ̀. Tó o bá ti tẹ bọ́tìnì, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ohun kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ rò mọ́ tiwa. PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò nígbà náà, àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Japan àti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Géèmù tí wọ́n ṣe fún 60, tí wọn kò tún tò, á pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà iyára rẹ̀ lórí ẹ̀rọ PAL. Fífò tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá 1 á gba 1.2. Ẹni tó ní Mario ayé ìgbà yẹn rọ̀ ju ti òde òní lọ kò purọ́. Sonic (1991), tó fi eré sísá ṣe fọ́ńté, ló jìyà rẹ̀ jù. Bóyá òun ló dára jù tàbí Mario, kò tó ohun tá à ń jà lé lórí: Mario ni.

NÉPÀ náà dá sí i. Tí iná bá lọ, ìpele 1-1 nínú Mario la ti ń tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ẹ̀bùrú inú 1-2, tó ń gbéni dé ayé kẹrin, fi níyì.

Lóde òní

Super Mario 64 (1996) gbé fífò bọ́ sínú ayé tó ṣeé yí ká. Celeste (2018) ń dárí ji ẹni tó tẹ bọ́tìnì lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò létí pèpéle. Temple Run (2011) àti Subway Surfers (2012) pa bọ́tìnì tì: ìka lo máa fi gbá ojú fóònù sókè, iyára á sì máa pọ̀ sí i. Ìyẹn bá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Badagry mu, nítorí kò gba àkókò kó tó tún bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, iléeṣẹ́ Maliyo Games ti ń ṣe géèmù tiwa láti 2012.