Ìrókò Nílẹ̀ Ilé Òyìnbó

Ẹni tí ó bá ń ka ìpolówó ilé títà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń ta ilé fẹ́ràn láti fi ilẹ̀ tí a fi pákó tẹ́ yangàn. Rọ́ọ̀gì a máa gbó, a sì máa mú eruku. Ṣùgbọ́n pákó líle ṣeé fá, ó ṣeé kùn, a sì padà dà bí tuntun lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Nínú orúkọ àwọn pákó wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí kì í ṣe àjèjì sí wa: "iroko". Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni; àmì ohùn nìkan ni wọ́n bọ́ sọnù lára rẹ̀.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣòwò gẹdú ń kó ìtì igi láti inú igbó wa lọ sí Liverpool àti London. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún ìrókò, Milicia excelsa, kò rọrùn lẹ́nu ọlọ́jà. Àwọn ará Gánà ń pè é ní odum, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń pè é ní mvule, ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ló borí lọ́jà Gẹ̀ẹ́sì. "Opepe" àti "afara" náà bá a rìn. Apá kò ríre bẹ́ẹ̀: "doussié" ni wọ́n sábà máa ń pè é ní ilẹ̀ Faransé.

Ikán àti ìjẹrà kì í tètè ran ìrókò. Nítorí náà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n gé e ní ègé kéékèèké, wọ́n sì tò ó bí egungun ẹja sílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wó irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n hú pákó náà, wọ́n ha ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọ́n sì tà á fún àwọn onílé. Ilẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé ti tẹ̀ kọjá wá di ohun tí a fi ń fa oníbàárà.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọ̀rọ̀ yìí ti rin ìrìn-àjò mìíràn ṣáájú. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bàhíà àti Kúbà. Wọn kò bá igi ìrókò níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ bọ igi gameleira ní Brasil, wọ́n sì fi bọ igi ceiba ní Kúbà. Níbẹ̀, orúkọ àti ìsìn dé láìsí igi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àti pákó dé láìsí ìsìn.

Nílé ńkọ́? Àwọn àgbà ní láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lónìí, kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytolyma ń ba ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó ṣì kéré, èyí sì mú kí gbígbìn ín nínú oko igi nira. Bí a bá sì gé àgbà igi tán, kí ni yóò rọ́pò rẹ̀? Ní 2022, ìpàdé CITES ní Panama fi òwò apá ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́.

Kò burú kí orúkọ wa dùn lẹ́nu ẹni tí ń ta ilé lókè òkun. Ohun tó ń dùn mí ni kí ó ku orúkọ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a fi igi náà han àwọn ọmọ wa nígbà tó ṣì wà lóòró, kí ó má baà jẹ́ pé ilẹ̀ ilé onílé ni wọn yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.