Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Orúkọ Crowther Ti Wá

Àjàyí ọmọ Òṣogùn gba ìrìbọmi ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ náà ti wá. Alùfáà kan ló ń jẹ́ ẹ, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, òun ló sì ń bójú tó ìjọ Christ Church ní òpópónà Newgate. Ta ni kò mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti yá orúkọ rẹ̀ lò kò pọ̀.

Ọdún 1225 ni àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Franciscan, aláṣọ eérú, rí ilẹ̀ gbà síbẹ̀, lẹ́bàá odi ìlú. Ilẹ̀ olówó kọ́. Àárín àwọn alápatà ni, àdúgbò náà sì ń rùn débi pé Stinking Lane ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ibẹ̀.

Margaret, aya kejì Ọba Edward Kìn-ín-ní, ló sọ ibẹ̀ di nǹkan. Ó náwó sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1306, tí gígùn rẹ̀ tó 300 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìbú rẹ̀ sì tó 89. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Isabella, opó Edward Kejì, náà sùn síbẹ̀ ní 1358. Bí àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ òṣì ṣe di onílé ńlá nìyẹn!

Ọba Henry Kẹjọ tú wọn ká ní 1538, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì di ti ìjọ àdúgbò. John Stow, òpìtàn Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Martin Bowes, alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ta ibojì mẹ́wàá àti òkúta ibojì 140 ní nǹkan bí 50 pọ́ùn. Ibojì olorì wá di ohun tí wọ́n ń nájà.

Iná ńlá ọdún 1666 jó ilé náà. Christopher Wren ló tún un kọ́, ọgbọ́n tó dá sì yẹ ní yíyìn. Kò bá àwọn Franciscan du gígùn. Apá ìlà oòrùn nìkan ló kọ́lé lé, apá ìwọ̀ oòrùn sì di itẹ́ òkú. Síbẹ̀, ilé tó parí ní 1687 kò kéré, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé Christ's Hospital, tí Ọba Edward Kẹfà dá sílẹ̀ ní 1552 sínú ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, ń jọ́sìn níbẹ̀. Wren ṣe ìjókòó òkè sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún wọn. Ilé agogo parí ní 1704: ìpele onígun mẹ́rin ni, ọ̀kan kéré sí èyí tó gùn lé, òpó sì yí ti àárín ká. Ó wà lára àwọn tó rẹwà jù nínú ilé agogo Wren.

Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1940, bọ́ǹbù iná Jámánì ba ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òrùlé wó. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan sáré wọlé, ó gbé ìdérí onígi àwo ìrìbọmi jáde. Ìdérí náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre nítòsí báyìí.

Wọn kò tún un kọ́ mọ́. Ní 1974, wọ́n wó ògiri ìlà oòrùn láti mú òpópónà King Edward fẹ̀ sí i. Òpópónà yìí gan-an ni Stinking Lane ìgbà àwọn alápatà! Lọ́dún 1989 ni wọ́n fi ọgbà òdòdó sínú ògiri tó kù: igi kéékèèké wà níbi tí àga ìjọ wà tẹ́lẹ̀, ọ̀wọ̀n onígi tí òdòdó ń gùn sì dúró níbi tí òpó wà. Ilé agogo ti di ilé gbígbé.

Alùfáà Crowther ti Newgate kú ní 1829, ọdún 35 ṣáájú kí Àjàyí tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yà sí ọgbà náà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin St Paul's ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé.