Òṣùká Nínú Ogun Bọ́mà

Ẹni tó bá ń gba Mókọ́lá kọjá n'Ìbàdàn mọ bárékè Letmauk. Awakọ̀ ń pè é, akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ibẹ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n bi wọ́n pé kí ni Letmauk, ẹnu gbogbo wọn á wọhò. Ibì kan ni ní Bọ́mà, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá ará Japan wọ̀yá ìjà ní 1945. Láti Bọ́mà náà ni orúkọ bárékè Dodan tó wà n'Íkòyí ti wá, níbi tí àwọn ológun jókòó sí tí wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo wa títí di 1991. Arakan tó wà l'Ápápá ńkọ́? Bọ́mà ni.

Ogun Hítílà ni àwọn àgbà wa ń pe ogun ọ̀hún. Kó tó bẹ́ sílẹ̀, ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í wọ bàtà: fìlà pupa lórí, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀. Òyìnbó ni ọ̀gá. Haúsá ni èdè inú bárékè, nítorí Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ àwọn oníbọn wọn, ọmọ Yorùbá tó bá sì wọ ṣọ́jà ní láti gbọ́ ọ tipátipá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá mọ̀wé díẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sọ ọ́ di akọ̀wé, awakọ̀ tàbí atọ́jú-aláìsàn. Nígbà tí ogun wá bẹ́ sílẹ̀, ará Ítálì ni wọ́n kọ́kọ́ bá jà. Ní oṣù kejì 1941 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadishu ní Sòmálíà, kó tó di pé wọ́n kọrí sí Ethiopia. Ìyẹn yá kíákíá. Ti Bọ́mà ni kò yá.

Ní oṣù kẹta 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ fún ogun Bọ́mà. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast, ọmọ Gambia àti ọmọ Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ló para pọ̀ wà nínú rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Íńdíà. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára aṣọ wọn, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. (Ká ní tiwa ni wọ́n bi léèrè, ìjàpá là bá mú, àmọ́ ta ni yóò fi ìjàpá ṣáájú ogun?) Dífísọ̀n 82 tó tẹ̀lé wọn ló wá ya èyí tí mo gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ mu jù: ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá.

Òṣùká ló ja ogun náà. Àárín òkè àti igbó Bọ́mà ni odò Kaladan ń ṣàn gbà, ọkọ̀ kò sì rọ́nà wọbẹ̀. Àwọn ṣọ́jà Dífísọ̀n 81 fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 kí wọ́n tó dé etí odò náà. Níbi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ló kù. Ẹ wo àwọn alárù bí wọ́n ti ń tò tẹ̀lé ara wọn gun òkè: àpótí ọta lórí ẹni yìí, àpò ìrẹsì lórí ẹni yẹn, irin ìbọn mọ́tà lórí ẹnìkẹta. Ọwọ́ kan di ẹrù mú, èkejì ń wá igi tí yóò dì mọ́ nítorí ẹrẹ̀. Ṣọ́jà ni wọ́n, wọ́n wọ kákí bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbọn kankan lọ́wọ́. Òkè ọ̀run ni oúnjẹ ń gbà wá bá wọn: ọkọ̀ òfuurufú á yọ, á ju ìrẹsì àti ẹran inú agolo sílẹ̀, wọn á sáré lọ ṣà á. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bolẹ̀, ọkọ̀ kò ní wá, ebi nìyẹn. Òjò ibẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀, eṣúṣú ń mu wọ́n lẹ́jẹ̀ nínú bàtà, ibà sì ń dá wọn dùbúlẹ̀ ju ọta lọ. Bí wọ́n ṣe rìn nìyẹn títí tí wọ́n fi gba ìlú Myohaung ní oṣù kìíní 1945.

Àwọn alárù wọ̀nyí kò kọ̀wé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀nba tó kọ̀wé ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ wọ ṣọ́jà l'Abẹ́òkúta ní 1942, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òbí. Atọ́jú-aláìsàn ni wọ́n fi í ṣe, nínú àwọn tó ń tẹ̀lé Dífísọ̀n 81 láti tọ́jú ẹni tó bá fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta 1944, etí odò Kaladan ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará Japan fi ìbọn bò wọ́n. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn bà á níkùn. Àwọn tí wọ́n jọ wà kú yí i ká. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù nínú igbó ọ̀hún, ìtọ́jú kò sí, oúnjẹ kò sí.

Àwọn àgbẹ̀ abúlé, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló rí wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, láàárín ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, nígbà tí ará Japan ṣì ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò náà. Bí àṣírí bá tú, ikú ni fún gbogbo ilé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bọ́ àwọn méjèèjì, kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ní oṣù kejìlá.

Isaac padà sílé ní 1945. Ó ń tiro, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé tó kọ nípa ogun náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ló gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì wá ilé Shuyiman kàn. Bàbá náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba lẹ́tà náà. Wọ́n gbé fíìmù ìrìn àjò ọ̀hún jáde ní 2011, Isaac sì kú ní ọdún tó tẹ̀lé e.