Orúkọ Tí Hotspot Kọ̀ Láti Fún VM

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ìdílé onílù ní í bí Àyándélé, ìdílé ọdẹ ní í bí Ọdẹ́wálé, agbo ilé olórìṣà Ògún ni Ògúnbíyìí ti wá, ilé awo ló sì ni Fábùnmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú nínú òwe yìí ni pé kí òbí fara balẹ̀ kó tó dárúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Bí ilé bá ti fún ọmọ lórúkọ tán, orúkọ náà ni yóò máa ròyìn ilé fún ẹni tó bá gbọ́ ọ. Àlejò tí kò rí bàbá Àyándélé rí ti mọ̀ pé ìlù ń bẹ nílé wọn.

Tojú tẹ̀yìn òwe yìí ló bá ìṣòro kan mu tó ń da àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Challenge, n'Ìbàdàn, láàmú: virtual machine tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi. Virtual machine, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní VM, ni kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Kì í ṣe nǹkan àná. IBM ti gbé VM/370 jáde ní 1972 fún àwọn ẹ̀rọ ràgàjì ayé ìgbà náà. VirtualBox, tó jáde ní 2007, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí laptop àlòkù. Ẹni tó ń kọ́ Linux lè ba ti inú jẹ́, kó pa á rẹ́, kó tún un ṣe, láìfọwọ́ kan Windows tó wà níta.

Àwọn ìwé tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà pé wáyà ló gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Láti Challenge dé Ring Road, ilé mélòó ló ní irú wáyà bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá fún wa: MiFi, router onísíìmù, tàbí hotspot orí fóònù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kan VM, kó kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà ìta. Ṣé òun fúnra rẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì? Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá wọn lọ lọ́jọ́ náà, tó wá ń tú ètò VirtualBox wò, ó kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wá àmì Wi-Fi nínú VM. Kò ní rí i. Àdàkọ káàdì oníwáyà ni VirtualBox fún un, kò sì mọ̀ rárá pé afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bá bọ̀.

Bí ti ìta bá pé, ẹ béèrè orúkọ ti inú, ìyẹn IP address rẹ̀. "ip addr" ni ẹ óò tẹ̀ lórí Linux, "ipconfig" lórí Windows. Bó bá dáhùn pé 10.0.2.15 lòun ń jẹ́, NAT ló wà, ìyẹn ètò tí VM fi ń gba ẹ̀yìn laptop jáde, VirtualBox fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Hotspot kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n bí i. Laptop nìkan ló ń rí, ìdí nìyẹn tí NAT kì í fi í dá ìjà sílẹ̀. Bó bá ń jẹ́ 192.168.43 tàbí 172.20.10 àti nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, tó sì bá ti laptop mu, Bridged ló wà, ìyẹn ètò tí VM fi ń bá hotspot sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, hotspot ló dárúkọ fún un, ti 172.20.10 yìí, iPhone ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí Windows inú bá ní 169.254 lòun ń jẹ́, ẹ mọ̀ pé ó tọrọ orúkọ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá sọ ara rẹ̀.

Kí ló dé tí hotspot kò fi dá VM orí Bridged lóhùn? Gbogbo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní MAC address tirẹ̀, èyí tí VirtualBox ń fún VM sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 08:00:27. Lórí wáyà, kò sí wàhálà, nítorí MAC mẹ́wàá lè gba ojú ihò kan náà wọlé. Wi-Fi kò gba ìyẹn. Nígbà tí laptop fi páswọ́ọ̀dù wọlé, òun àti router jọ ṣètò kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò kan, MAC laptop yẹn nìkan ni wọ́n sì so ó mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé lórúkọ 08:00:27, ẹni tí kò fi páswọ́ọ̀dù hàn rí, router á dà á nù láìfọhùn. VirtualBox mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dọ́gbọ́n sí i: kí ọ̀rọ̀ VM tó jáde, á yọ MAC rẹ̀ kúrò, á fi ti laptop rọ́pò, bí èsì bá dé, IP ni yóò fi mọ ẹni tó ni ín. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí dráífà Wi-Fi kan tàbí hotspot kan bá kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lo Linux níta, tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ so wlan0, ìyẹn káàdì Wi-Fi rẹ̀, mọ́ bridge, "Operation not supported" ni wọn óò sọ fún un. Lójú tèmi, olùkọ́ tó bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lé orí Bridged ní àdúgbò tí kò sí wáyà ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. NAT ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. NEPA (IBEDC kò tíì mọ́ wa lẹ́nu) mú iná lọ, router kú, laptop ń jẹ bátìrì, a sì sáré bọ́ sórí hotspot fóònù. Windows ìta ti gba orúkọ tuntun. VM tó wà lórí Bridged ṣì ń jẹ́ 192.168.1.20, orúkọ ilé tí a ti kó kúrò. Bó bá jẹ́ okùn USB la fi so fóònù mọ́ laptop, ó tún le sí i, nítorí káàdì Wi-Fi tó ti dákẹ́ ni Bridged ṣì rọ̀ mọ́. VM orí NAT kì í pààrọ̀ orúkọ, àmọ́ ó lè máa di DNS àtijọ́ mú, ìyẹn ẹni tó ń bá a wá IP tí orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń jẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ ping 8.8.8.8, ó jẹ́. Ẹ tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, kò jẹ́. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Cable Connected" nínú ètò VM, kí ẹ tún un fi síbẹ̀, á béèrè lákọ̀tun. Bó bá ń ṣe lemọ́lemọ́, ẹ pa VM, kí ẹ fi VBoxManage tan natdnshostresolver1.

Nígbà mìíràn, dátà ló tán. VM rò pé wáyà lòun wà, kò sì rí ìdí tóun yóò fi fowó pamọ́; bí ẹ tilẹ̀ ti sọ fún Windows ìta pé Wi-Fi yìí jẹ́ metered, ti inú kò gbọ́, ìmúdójúìwọ̀n ló ń fà lọ ràì. Ẹ lọ sọ fún òun náà.

Ó ku àwọn tí Wi-Fi gan-an ni ẹ̀kọ́ wọn. Kò sí bí NAT ṣe lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Adapter Wi-Fi tó ń lo USB ni wọn óò rà, kí wọ́n gbé e fún VM láti inú Devices, lábẹ́ USB, kí VM fúnra rẹ̀ máa fi páswọ́ọ̀dù wọlé. Èyí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni TP-Link TL-WN722N. V1 rẹ̀ ní chip AR9271 ti Atheros, tí dráífà rẹ̀ ti wà nínú Linux láti ọjọ́ pípẹ́. V2 àti V3 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n Realtek RTL8188EUS ló wà nínú wọn, ó sì máa ń yọ àwọn tó ń lo Linux lẹ́nu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i dojú dé, kí ẹ ka Ver tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.