ÒGÚNLỌLÁ ỌDẸ, ẸNI TÍ Ó RÍ ÈÉFÍN TÍ Ó SÌ LỌ WÒ Ó

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa náà kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé, a fẹ́ kọ̀, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni a kà kí a tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wa wá sí ọjà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí àwọn bàbá wa máa ń sọ ní ẹ̀yìn ìsọ̀ nígbà tí òtútù bá mú tí oníbàárà kò sì yà. Ìtàn náà ni a mú wá.

Ìtàn Ògúnlọlá ni, ọdẹ tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Kí ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ìkìrun tàbí ará Ìjẹ̀bú má ṣe ṣí ìwé kọjá o. Gbogbo ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ lọ gbé láàrin àwọn ẹlòmíràn ni ìtàn yìí kàn.

Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Ògúnlọlá dé inú igbó náà. Ìtàn sọ pé ìran Ìbàrìbá ni. Àlejò ni nígbà náà, bí àwa náà ti jẹ́ àlejò níbí. Ọdẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, ọfà ni ó sì mọ̀ ọ́n ta jù. Abẹ́ igi àjàgbọn kan ni òun àti Èsùú ìyàwó rẹ̀ pàgọ́ sí.

Àwọn méjèèjì rí i pé èéfín ń rú láti ibòmíràn nínú igbó. Ẹ má gbàgbé pé àkókò gbọ́mọgbọ́mọ ni àkókò náà, wọ́n ń jí ènìyàn kó lẹ́rú. Ẹlòmíràn ìbá pa iná tirẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ògúnlọlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó tọ èéfín náà lọ. Ó bá Aálẹ̀ ní ibi tí a ń pè ní Òkè-Ẹlẹ́rin, ó bá Òrìṣàtólú ní Ìsàpá, ó sì bá àwọn ọdẹ mìíràn. Olúkúlùkù ti ń dá gbé nínú igbó kan náà.

Òun ni ó pè wọ́n jọ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Àlóńgò. Nǹkan mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà wà fún: kí wọ́n jọ máa ṣọdẹ, kí wọ́n jọ máa lé gbọ́mọgbọ́mọ, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, ilé Ògúnlọlá ni wọ́n ń yà sí. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó bá ní ẹjọ́, abẹ́ igi àjàgbọn ni ó ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ta ni ó pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà? Èsùú ni. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. A ó rẹ àgbàdo sómi, a ó jẹ́ kí ó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó tún fi sílẹ̀ kí ó kan. Ọkọ ni ó mú àwọn àlejò wálé, ìyàwó ni ó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ padà wá. Bí inú ilé ọkùnrin kò bá tòrò, ta ni yóò yà síbẹ̀? Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ọdẹ kan tẹ ìlú dó, kí a máa sọ pé ọkọ àti aya ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ògúnlọlá pa ọkùnrin kan, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé síwájú Aláàfin. Ibi tí wọ́n ti dá a dúró ni ó ti gbọ́ nípa jagunjagun kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó há ará ìlú mọ́, tí kò jẹ́ kí wọ́n lè re oko tàbí re odò. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú rẹ̀. Ó lọ, ó ta á lọ́fà, ó gbé orí rẹ̀ wá fún Aláàfin. Láti inú Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni a ti rí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fẹ́ kí ó dúró ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni ó fẹ́ padà sí. Aláàfin ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣe é lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni oyè Ṣọ̀ún ti wá.

Ìlú tí àlejò tẹ̀ dó kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sá wọ̀. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn ènìyàn wa jáde ní 1969, ilé ni wọ́n padà sí. Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, tí ó jẹ Ṣọ̀ún láti 1973 títí di 2021, ìlú Jọ́ọ̀sì níbí ni ó ti ṣòwò kí ó tó gorí oyè àwọn bàbá rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Àwa ń kọ́, èéfín ta ni àwa ń wò?

Àwa tí a wà níbí ní oṣù kẹsàn-án 2001 àti ní 2008 mọ èéfín tí kì í ṣe ti ààrò. A mọ ọjọ́ tí olúkúlùkù ń sá ti orí ara rẹ̀. Nígbà tí ọjà ńlá jóná ní 2002, ọjà àwọn kan nínú wa jóná ráúráú. A kò dá ara wa lẹ́bi fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ àlàáfíà ni a ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ilé wa kan tí ń ṣe alábàárù dùbúlẹ̀ àìsàn nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Ojoojúmọ́ ni a ń bá a ṣeré tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kò rí i mọ́, a rò pé ó ti lọ sílé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọ Hausa kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé wá pè wá. A gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. A dáwó ìsìnkú, owó náà sì pọ̀ ju èyí tí ìbá wò ó sàn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn Ògúnlọlá ti ń gún wa lọ́kàn. Èéfín kan kò rú mọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì dìde lọ wò ó.

Gbọ̀ngán tí a ń kọ́ yìí, igi àjàgbọn wa ni. Bí ó bá jẹ́ àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ibi ìdáná wà nínú rẹ̀. Kí àwọn ìyá wa jókòó nínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe ní ìdí ìkòkò nìkan. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa bẹ ilé ara wò, Mùsùlùmí àti Kristẹni, olówó àti alábàárù. Kí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, sì máa gbọ́ ìtàn níbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ fi owó sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń relé, ẹ yà kí aládùúgbò kan tí ẹ kò rí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná ilé ẹnikẹ́ni kú. Yóò tu wá lára. Àṣẹ.